Ẹni Tó Ń Pè Ní Aago Kan Ọ̀sán

Deborah Akínbíyì kì í dáhùn ìpè tí kò bá rí ẹni tó pè é. Gbogbo àdúgbò rẹ̀ ní Àpòmù ló mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Bí o bá dúró sẹ́yìnkùlé rẹ̀ tí o ń pariwo orúkọ rẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun rẹ á gbẹ, ilé á sì pa rọ́rọ́ bí ẹni pé kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀. Àfi kí o rìn yí wá síwájú, kí o yọjú lójú fèrèsé. Nígbà náà ni yóò tó rẹ́rìn-ín, á ní, "Àṣé ìwọ ni." Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn.

Kì í ṣe ìgbéraga rárá. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí òun àti Àlàbá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, ń ṣa kòkó lóko bàbá wọn lẹ́bàá Orílẹ̀-Òwu. Oòrùn wà ní àtàrí. Ohùn ìyá wọn dún láti inú igbó: "Àlàbá!" Ẹ̀ẹ̀kan péré. Àlàbá sì dáhùn, ó ní, "Mo ń bọ̀ o!" Ó ju apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá wọn kò sí lóko lọ́jọ́ náà. Ọjà Gbọ̀ngán ló lọ, ìrọ̀lẹ́ ló sì tó dé. Létí odò ni wọ́n ti rí Àlàbá, ó jókòó, ó ń wo omi, kò sí ojú ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ibà gbé e lọ. Lóòótọ́, Àlàbá kì í ṣe ọmọ tó le. Bí ọyẹ́ bá ti dé ni egungun ẹsẹ̀ á máa ro ó, tí ìyá wọn á máa fi àdí ra á. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ka ìyẹn sí lọ́jọ́ náà. Ìpè ni gbogbo ilé ń sọ.

Láti ìgbà náà ni ìyá wọn ti ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dáhùn bí kò bá rí ẹni tó pè é, ì báà jẹ́ ohùn ìyá tó bí i lọ́mọ ló gbọ́, àfi bí ìpè náà bá pé mẹ́ta. Deborah gba òfin yìí tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tí òun náà bí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Fọláṣẹwà, òfin náà ló kọ́kọ́ fi kọ́ ọ, kó tó kọ́ ọ ní A, B, D.

Ọdún kọkàndínlọ́gbọ̀n rèé tí Deborah ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìkirè. Yàrá tí wọ́n ń kó káàdì àwọn aláìsàn sí ni ibùjókòó rẹ̀, Màmá Káàdì sì ni gbogbo èèyàn ń pè é. Kò pa iṣẹ́ jẹ rí. Kò sì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí aago mẹ́rin tó lù rí, òjò ì báà rọ̀, ìjọba ì báà kéde ìsinmi. Àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ pàápàá mọ̀ pé bí àwọn bá ń wá a lọ́sàn-án, kò sí ibòmíràn tí àwọn á ti rí i.

Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wọ yàrá náà, tí Sàídì sì bá a wọlé. Ọmọ Ìkirè ni Sàídì, ẹni ogójì ọdún ó lé díẹ̀, tó lọ́yàyà, tí kì í bínú. Iná sólà ni ilé ìwòsàn ń lò, nítorí náà Sàídì ṣètò kọ̀ǹpútà náà pé bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án fún ìgbà díẹ̀, kó sùn. Bí aago kan ọ̀sán bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, á mú kẹ́tùlù rẹ̀, á ní, "Mà, mò ń lọ kírun o. Ìwé máa tó wọlé, ẹ bá mi gbà á."

Màmá Káàdì á ní, "Wàá bá a." Òun náà á ti ilẹ̀kùn, á lọ jẹun lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀gbẹ́ géètì. Àwàdà ló kà á sí. Ìwé wo ló fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ inú yàrá tí wọ́n tì?

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú Sàídì lọ, lójijì, ní ìdájí ọjọ́ Àìkú kan. Kí wọ́n tó kírun ọ̀sán, wọ́n ti sin ín. Ní ọjọ́ Ajé, ó ku Màmá Káàdì nìkan nínú yàrá. Àwọn ọ̀gá ní kó bá àwọn mójú tó ẹ̀rọ náà títí wọn á fi rí ẹlòmíràn gbà, nítorí náà kò lè jáde lọ jẹun mọ́. Ó ra búrẹ́dì, ó jókòó tì í. Ó ti tó wákàtí kan tí kọ̀ǹpútà náà ti sùn, ojú rẹ̀ dúdú. Ẹní ìkírun Sàídì ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù bó ṣe ká a sílẹ̀.

Aago kan lù. Ojú kọ̀ǹpútà náà sì là.

Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Fáànù inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mí, ìmọ́lẹ̀ tàn kárí ojú rẹ̀, orúkọ kan ṣoṣo sì yọ láàárín rẹ̀: SÀÍDÌ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà lórí tábìlì kejì gbọn ara rẹ̀, ó wúkọ́. Búrẹ́dì bọ́ lọ́wọ́ Màmá Káàdì, ara rẹ̀ bù máṣọ. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo ojú fèrèsé, kò rí ẹnì kankan. Ohun kan ń pe Sàídì, tàbí kó jẹ́ Sàídì ló ń pe òun. Èyí tó wù kó jẹ́, wọn kì í dáhùn rẹ̀. Ó rántí pé Sàídì ti sọ fún un rí pé wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà ni etí rẹ̀. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó di wáyà náà mú, ó sì fà á jáde díẹ̀, ìwọ̀n èékánná kan. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dákẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, aago kan lù, ẹ̀rọ náà tún jí. Ní ọjọ́ kẹta, bákan náà. Láti ìgbà náà, bí ó bá ti ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago kan lù, Màmá Káàdì á ti dúró sẹ́yìn ẹ̀rọ náà, ọwọ́ rẹ̀ á wà lórí wáyà. Bí ẹ̀rọ náà bá ti là báyìí, á fà á. Kí ó tó lọ sílé, tí ẹ̀rọ náà bá ti padà sùn, á rọra tì í padà, torí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń lo nẹ́tíwọ̀ọ̀kì náà láàárọ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Obìnrin tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìwé Mímọ́ láti ogún ọdún, ta ló fẹ́ sọ fún pé òun ń fi ọwọ́ di etí kọ̀ǹpútà kó má baà gbọ́ ohùn òkú?

Láàárín àkókò yìí, ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí kò jẹ́ kó sùn dáadáa. Fọláṣẹwà ń gbé Ìkirè, ibẹ̀ ló ti ń ránṣọ. Ọmọ rẹ̀, Ayọ̀kúnlé, ti lé ní oṣù mẹ́fà báyìí. Nígbà tí wọ́n gbé e wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Àpòmù, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní gìgísẹ̀ rẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe fún gbogbo ọmọ ọwọ́, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn láti mọ̀ bóyá ó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Ìyẹn ku ọ̀sẹ̀ kan kí Sàídì tó kú. Ọ̀sẹ̀ méjì ni èsì máa ń gbà. Ó wá pé ọ̀sẹ̀ méjìlá, kò sí èsì. Lálaalẹ́ ni Fọláṣẹwà ń bèèrè lórí fóònù, "Mọ́mì, ṣé ó ti dé?" Ìyá rẹ̀ á ní, "Kò tíì dé. Ṣebí àwọn ará Ìbàdàn ni."

Nígbà tó yá, ìka ọwọ́ ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, á figbe ta. Nọ́ọ̀sì Sìlífátù, tó jẹ́ olórí àwọn nọ́ọ̀sì, fa Màmá Káàdì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Màmá, mi ò fẹ́ dẹ́rù bà yín. Bó bá jẹ́ SS ni ọmọ yìí, oògùn kan wà tó gbọ́dọ̀ máa lò lójoojúmọ́ kí ibà àkọ́kọ́ tó kàn án. Ibà yẹn ló máa ń mú irú wọn lọ. Ṣùgbọ́n Dókítà ní àfi kí àwọn rí ìwé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ná."

"Ìwé tí ọkọ Fọláṣẹwà mú wá sí ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó ṣègbéyàwó, AA ló wà nínú rẹ̀."

"Ìwé ni wọ́n mú wá, Mà. Wọn ò mú ẹ̀jẹ̀ wá."

Sìlífátù kan náà ló ránṣẹ́ pe Gàrúbà, ọkùnrin Ìkirè tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Ẹjọ́ tí wọ́n rò fún un ni pé láràárọ̀, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì dára. Ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà náà bá sùn tó tún jí lọ́sàn-án, wáyà kì í ṣiṣẹ́ mọ́, àmì pupa ló ń yọ. Gàrúbà wá lówùúrọ̀. Ó rí i pé ahọ́n kékeré orí wáyà náà ti kán, ó gé e, ó fi orí tuntun sí i. Ó mú un sùn, ó jí i, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì dé. Wọ́n kí i, ó lọ. Lọ́sàn-án, ó tún bàjẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó yí padà ni pé orí tuntun náà ní ahọ́n, Màmá Káàdì sì ní láti tẹ ahọ́n náà mọ́lẹ̀ kó tó lè fà á.

Gàrúbà wá lẹ́ẹ̀kejì, ó pa ètò tó ń darí wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì nínú kọ̀ǹpútà náà, ó tún un tan. Ó yọ iná rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ pẹ́ títí gbogbo iná tó kù nínú rẹ̀ fi gbẹ, ó tún un so. Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, ó ṣiṣẹ́. Lọ́sàn-án, ó kọ̀. Sìlífátù ní bó bá tún ń bọ̀, kó wá lásìkò tí àìsàn náà máa ń dé.

Ní Ọjọ́bọ̀, aago méjìlá ààbọ̀, Gàrúbà wọlé. Kọ̀ǹpútà náà ti sùn. Kò jí i. Ó kọ́kọ́ tẹ̀ síwájú, ó yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì dúró pẹ́.

"Mà, ẹ wá wò ó."

Ní ẹ̀gbẹ́ ihò tí wáyà wọ̀, iná aláwọ̀ ewé kékeré kan ń ṣẹ́jú nínú òkùnkùn. Ó tàn, ó kú, ó tàn.

"Ẹ̀rọ yìí ń sùn," ni Gàrúbà wí, "ṣùgbọ́n ó ń tẹ́tí. Ó ń retí ẹnì kan."

Màmá Káàdì di orí àga mú. Gàrúbà wá jí kọ̀ǹpútà náà, ó ń wá inú ètò rẹ̀ kiri, ó ń kùn bí ìṣe rẹ̀. "Ẹ̀ẹ́n. Sàídì, Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Òun ló máàkì ibí yìí, pé kí wáyà lè jí kọ̀ǹpútà yìí." Lẹ́yìn náà ló ṣí ìwé ìrántí tí kọ̀ǹpútà máa ń kọ fúnra rẹ̀. Ó ń kà á, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. "Aago kan, ó jí. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ lẹ́yìn rẹ̀, wáyà já. Lánàá, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ. Níjẹta, mẹ́sàn-án. Ọ̀sẹ̀ méjìlá gbáko, Mà. Wáyà tó bàjẹ́ kì í mọ aago báyìí. Ọwọ́ èèyàn ni."

Ó yí ojú padà. Màmá Káàdì ti ń sunkún. Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí Àlàbá dé orí búrẹ́dì tó bọ́ sílẹ̀. Ìtìjú mú un débi pé ẹní ìkírun orí kọ́bọ́ọ̀dù ló ń bá sọ̀rọ̀, kò lè wo Gàrúbà. Gàrúbà kò rẹ́rìn-ín. Ìyá tirẹ̀ náà ti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré.

"Mà," ni ó wí, "kì í ṣe òkú. Ẹ̀rọ ńlá tó wà ní ọ́fíìsì Dókítà ló ń pe èyí. Bí èsì ẹ̀jẹ̀ bá ti Ìbàdàn wọlé sọ́hùn-ún, á dúró di aago kan ọjọ́ iṣẹ́, á pe èyí kó jí, kó wá gba èsì, kó sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Bí kò bá rí i kó fún, á tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ kejì, á tún pè. Sàídì ṣe é bẹ́ẹ̀ kó lè bá ìwé nílẹ̀ bó bá ti kírun dé, kò sì sọ fún ẹlòmíràn. Orúkọ tó fi ń ṣí ẹ̀rọ yìí ló ń yọ lójú rẹ̀."

"Òfin ìyá mi ni pé kí ìpè pé mẹ́ta."

"Mẹ́ta kẹ̀? Nínú ìpè kan péré, ìgbà mẹ́rìndínlógún ló ń dárúkọ ẹ̀rọ yìí. Mẹ́rìndínlógún, lójoojúmọ́, ọ̀sẹ̀ méjìlá."

Ìwé máa tó wọlé, ẹ bá mi gbà á. Ọdún mẹ́fà ni Sàídì fi sọ ọ́ fún un, òun náà sì ṣèlérí lójoojúmọ́ pé Sàídì á bá a.

Gàrúbà dá kọ̀ǹpútà padà sí ojú oorun. Aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Wọ́n jókòó. Màmá Káàdì kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan rẹ̀, ó sì fi ara tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Ó mọ ohun tó ń bọ̀, ó mọ ibi tó ti ń bọ̀, síbẹ̀ nígbà tí aago kan lù tí ojú ẹ̀rọ náà là, tí orúkọ olóògbé yọ, ọwọ́ rẹ̀ tún fẹ́ yọ lọ sí ìdí wáyà. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ kọjá. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wúkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tu ìwé jáde, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, títí tó fi kún ojú tábìlì.

Èsì ọmọ mọ́kànlélọ́gọ́ta. Èyí tí wọ́n fi àmì yípo nínú rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni Ayọ̀kúnlé. SS.

Ọ̀rọ̀ Àlàbá ló kọ́kọ́ sọ sí Màmá Káàdì lọ́kàn: egungun tó ń ro lọ́yẹ́, àdí, ibà. Àádọ́ta ọdún ó lé ni ó ti fi ń sá fún ohùn kan nínú igbó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohùn náà ló pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Inú bí i sí ara rẹ̀ gan-an, inú bí i sí ìyá rẹ̀ tó ti di olóògbé pẹ̀lú.

Sìlífátù pe Dókítà, Dókítà ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn lójú ẹsẹ̀. Fóònù Màmá Káàdì ti kú, ó gbé ti ilé ìwòsàn, ó pe àwọn ìyá mẹ́ta yòókù. Ẹnì kan péré ló gbé e, Ràhmọ̀t, ìyá ọmọ kejì. Màmá Káàdì wá pe Fọláṣẹwà. Ó dún títí ó fi já. Ó tún pè. Ó tún já. Ó mọ ìdí rẹ̀. Òun ló sọ fún un pé nọ́ńbà tí kò bá mọ̀, kó má gbé e.

Aago méjì kò tíì lù nígbà tí Màmá Káàdì kó oògùn sínú báàgì, tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó wà níta dìde wò ó. Ọ̀kadà gbé e dé Ìkirè, ó sì ní kí ọlọ́kadà dúró de òun lẹ́bàá títì. Ẹnu ọ̀nà ilé Fọláṣẹwà wà ní títì, àwọn fèrèsé náà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ nínú ilé.

"Fọláṣẹwà!"

Ẹ̀rọ ìránṣọ dá wáí.

Ilé pa rọ́rọ́. Kò gbọ́ ẹsẹ̀, kò gbọ́ èémí. Ó dúró lójú oòrùn, ó ń gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà, ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa, torí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ohùn ìyá, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí gbogbo ayé mọ̀ pé Àpòmù ni ìyá wà.

"Fọláṣẹwà!"

Kò sí èsì. Ó fi ojú ti ara ilẹ̀kùn, igi rẹ̀ ń gbóná mọ́ ọn níwájú orí. Ẹ̀rù bà á láti pe ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Bí ó bá pè é tí kò bá dáhùn ńkọ́?

"Fọláṣẹwà. Èmi ni."

Ọmọ náà ló kọ́kọ́ ké. Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀tì ilẹ̀kùn gbọ̀n, ó sì ṣí ìwọ̀n ìka kan. Ojú Fọláṣẹwà yọ, ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mọ́mì? Kí lẹ wá ṣe nílé ní irú àkókò yìí? Ẹnì kan ń pe fóònù mi, mi ò gbé e. Ara ọmọ yìí ti ń gbóná láti àárọ̀."

Màmá Káàdì gbé ọwọ́ lé ọmọ náà níwájú orí. Ibà àkọ́kọ́ ti dé.

"Ìwé ti wọlé," ni ó wí. "Pọ̀n ọ́n. Ilé ìwòsàn là ń lọ."

Fọláṣẹwà gbé ọmọ náà fún un, ó sáré wọlé lọ mú ọ̀já. Láti ìta, lẹ́yìn ògiri, níbi tí ojú kò tó, ohùn kan pè lẹ́ẹ̀kan: "Màmá!"

Ó lè jẹ́ ọlọ́kadà. Kò dúró yẹ̀ ẹ́ wò.

"Mo ń bọ̀ o!" ni Deborah dáhùn, ó sì di ọmọ náà mọ́ra.